Àpótí Méjì Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Nígbà tí bàbá mi papò dà, àpótí lẹ́tà méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Èkíní jẹ́ àpótí páànù tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ṣí i, a sì bá àwọn lẹ́tà tí àbúrò wọn kọ láti Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó bí mi. Èkejì ni àpótí ímeèlì wọn. Títí di òní, a kò rí i ṣí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ ìtàn ímeèlì wò, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ìdílé.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn baba ńlá wa fi ń ránṣẹ́ sí ará ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó bá gba owó ẹyọ mẹ́fà mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Lẹ́yìn àrokò ni lẹ́tà dé, lẹ́yìn lẹ́tà ni ímeèlì.

Ní ọdún 1971, ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà kan, Ray Tomlinson, fi ímeèlì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà ń náwó sí. Inú yàrá kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òun ni ó yan àmì @ láti ya orúkọ ẹni kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tí ẹni náà ń lò. Nígbà tí wọ́n bi í ní ohun tí ó kọ lọ́jọ́ náà, ó ní òun ti gbàgbé.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1996, Sabeer Bhatia àti Jack Smith ṣí Hotmail sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá sì rí kọ̀ǹpútà tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì níbikíbi lè ka lẹ́tà rẹ̀. Irú ètò báyìí ni ó jẹ́ kí bàbá mi, tí wọn kò ní kọ̀ǹpútà rí láyé wọn, ní àdírẹ́sì tiwọn.

Mo rántí káfẹ́ tí wọ́n máa ń mú mi lọ ní ọjọ́ Sátidé. Wọn a ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nítorí pé owó ni àkókò níbẹ̀, wọn a ti kọ lẹ́tà náà sínú ìwé nílé, wọn a sì máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Kí a tó padà délé, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

Lónìí, ímeèlì ti kọjá ìkíni. Ibẹ̀ ni ìwé báńkì àti ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò sọ páswọ́ọ̀dù wọn fún ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. A kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tí ó ni ètò náà. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣí i fún wa.

Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ̀dà ímeèlì kan ń bẹ lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́, òmíràn ń bẹ lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbà á. Mo bẹ àbúrò bàbá mi, wọ́n tú àpótí tiwọn, wọ́n sì rí mọ́kànlá. Nínú ọ̀kan, bàbá mi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá àwọn ní owó ilé ẹ̀kọ́ mi: "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́." Mo ti pé ọmọ ọdún 27 kí n tó gbọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kọ páswọ́ọ̀dù yín sínú ìwé, kí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán mọ ibi tí ó wà. Láti ọdún 2013 ni Google ti ní ètò tí ẹ fi lè yan ẹni tí yóò gba àwọn lẹ́tà yín bí ẹ kò bá lo àpótí náà mọ́. Ẹ má fi falẹ̀, nítorí èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún méjì, iléeṣẹ́ náà lè pa á rẹ́. Èyí tí ó bá ṣe iyebíye, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà.

Mo ti tẹ mọ́kànlá wọ̀nyẹn. Inú àpótí páànù ni mo kó wọn sí, lórí àwọn lẹ́tà Lọ́ńdọ̀nù.