Ibi Tí A Lè Ti Ya Àwòrán Mọ́dẹ́ẹ̀lì Láìní Sítúdíò

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nínú àwọn ìjọ wa ni ó ti sọ kámẹ́rà di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn aránṣọ, àwọn onídìrí àti àwọn tí ń ta gèlè a máa wá wọn kí wọ́n lè bá wọn ya àwòrán ọjà wọn lára mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹni tí ó wọ ọjà náà dúró níwájú kámẹ́rà. Bí iṣẹ́ bá ti dé, ìbéèrè kan ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde: níbo ni a ó ti yà á? Owó tí a fi ń háyà sítúdíò fún wákàtí díẹ̀ lè gbé gbogbo èrè iṣẹ́ náà lọ. Àwọn òbí pẹ̀lú ní ìbéèrè tiwọn, nítorí pé ọmọ wọn ni a pè wá sí ibi tí wọn kò mọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè rí ibi tí ó dára, tí kò sì ní kó ẹnikẹ́ni sínú ewu.

Àwọn Tí Ó Ti Ṣe É Ṣáájú Wa

Seydou Keïta, tí ó ṣí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali, ní 1948, ya púpọ̀ nínú àwọn àwòrán rẹ̀ ní àgbàlá, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Aṣọ ìtẹ́bùsùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi kọ́ sẹ́yìn àwọn tí ó ń yà. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, J. D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun dídì àwọn obìnrin ní 1968. Ní òpópónà, ní ọ́fíìsì àti ní òde àríyá ni ó ti máa ń pàdé wọn. Irving Penn ará Amẹ́ríkà gbé àgọ́ tí ó ṣeé tú palẹ̀ lọ sí Dahomey, tí à ń pè ní Benin nísinsìnyí, ní 1967. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ohun méjì ni à ń wá lọ sí sítúdíò: ìmọ́lẹ̀ tí ó tura, àti ẹ̀yìn tí kò rí wúruwùru. A lè rí méjèèjì níbòmíràn.

Ìmọ́lẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Wá

Ní ilẹ̀ wa, oòrùn ọ̀sán gangan fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí. Òjìji á bo ihò ojú, iwájú orí á sì máa dán. Nítorí náà, àárọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ó sàn jù. Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀run a máa mú kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀.

Bí ó bá di dandan pé ọ̀sán ni a ó ṣiṣẹ́, kí a wá ibòji. Kí mọ́dẹ́ẹ̀lì dúró ní etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó kọjú sí ìta gbangba. Abẹ́ igi kò fi bẹ́ẹ̀ dára, nítorí pé oòrùn a máa gba àárín ewé jò sí ojú ní tótòtó. Kí a tún kíyè sí ògiri tí ó wà nítòsí: ògiri pupa tàbí aláwọ̀ ewé yóò ta àwọ̀ rẹ̀ sí ara ẹni tí à ń yà, ṣùgbọ́n funfun yóò kàn tan ìmọ́lẹ̀ padà ni.

Nínú ilé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ńlá tó. Kí a pa gílóòbù, kí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjì má baà dàpọ̀. Kí ẹnìkan gbé páálí funfun dání ní òdìkejì fèrèsé, kí ẹ̀gbẹ́ ojú tí ó ṣókùnkùn lè mọ́. Kí mọ́dẹ́ẹ̀lì sì fi nǹkan bíi mítà 2 jìnnà sí ògiri, kí òjìji rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí A Kágò Kí A Tó Wọlé

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ fúnra rẹ̀, àgbàlá ilé, ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi, àti gbọ̀ngàn ìjọ láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn ni a lè lò. Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ wà pẹ̀lú, bíi Agodi ní Ìbàdàn, tàbí Freedom Park ní Èkó, èyí tí ó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a sì ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 2010. Ṣùgbọ́n a kì í wọ ilé onílé láìkágò. Kí a béèrè ṣáájú bóyá a gba kámẹ́rà láàyè, èló ni a ó san, àti aago mélòó ni a ó jáde. Kí a gba ìdáhùn náà ní àkọsílẹ̀.

Ibi ìjọsìn nílò ìṣọ́ra, ìbáà jẹ́ tiwa tàbí ti ẹlòmíràn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ lásán fún àwọn tí ń sìn níbẹ̀. Bákan náà, òfin àṣírí ìjọba ti 1962 ka àwòrán yíyà ní àwọn ibi tí a dáàbò bò, bíi bárékè ológun, léèwọ̀.

Ààbò Ẹni Tí A Fẹ́ Yà

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Nítorí pé kò sí sítúdíò, àwọn kan ń pe ọmọbìnrin lọ sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé àdáni. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní ètekéte, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní in lè fara pamọ́ sábẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì yóò bínú bí mọ́dẹ́ẹ̀lì bá mú ẹnìkan dání. Kí iṣẹ́ jẹ́ ní ojúmọmọ. Kí àwọn ará ilé mọ àdírẹ́sì àti àkókò. Kí a ti fẹnu kò lórí aṣọ tí a ó wọ̀. Kí yàrá tí a ti lè pààrọ̀ aṣọ sì ní kọ́kọ́rọ́. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ibi tí àwòrán náà yóò ti jáde. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Nítorí náà, kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i, kí ó sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àlùfáà àti alàgbà, bí àwọn ọ̀dọ́ bá wá tọrọ gbọ̀ngàn, ẹ má ṣe yára lé wọn. Ẹ fún wọn ní ìlànà tí ó ṣe kedere: ọjọ́ wo, apá ibo, irú aṣọ wo, ta ni yóò sì wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí àgbàlagbà sì jókòó sí, sàn ju yàrá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ.