Àròkọ Alálàyé: Bí Ètò Ìjọba Ṣe Ń Ti Ilẹ̀ Kan Dé Òmíràn

Ìlapa Èrò
(i) Ìfáàrà: ohun tí orí-ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí
(ii) Ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀
(iii) Bí ó ṣe dé Nàìjíríà
(iv) Bí ó ṣe yí padà
(v) Ìpalára tí ó bá a rìn
(vi) Ìkádìí

Àròkọ
Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí ènìyàn ti ń kọ́gbọ́n lára ẹnìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ilẹ̀ kan ń kọ́gbọ́n lára ìjọba ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ètò tí a yá lò kì í wà bí a ti yá a. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nítòsí wa. Bí o bá wọ ọkọ̀ lọ sí Basin ní Ìlọrin, rántí pé orúkọ àdúgbò náà kì í ṣe ti jagunjagun kan tàbí ti olóko kan. Ara orúkọ àjọ ìjọba tí ń bójú tó Ìsàlẹ̀ Odò Ọya ni a ti gé e.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti gbajúmọ̀. Ní 1933, nígbà ọ̀dá owó ńlá, Ààrẹ Franklin Roosevelt dá àjọ kan sílẹ̀ fún odò Tennessee. Àjọ kan ṣoṣo yìí ni ó ń sé odò, tí ó ń dènà ìkún omi, tí ó ń pèsè iná mànàmáná, tí ó sì ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Òkìkí rẹ̀ kàn. Íńdíà dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún odò Damodar ní 1948; Gánà dá tirẹ̀ sílẹ̀ fún odò Volta ní 1961.

Ní Nàìjíríà, ọ̀dá òjò tí ó mú ìhà Àríwá ní nǹkan bí 1972 sí 1974 ni ó mú ọ̀rọ̀ náà yá kánkán. Ní 1973, ìjọba dá àjọ méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún Sókótó àti Rima, èkejì fún agbègbè adágún Chad. Ní 1976, wọ́n sọ wọ́n di 11 káàkiri orílẹ̀-èdè.

Kíyè sí ohun mẹ́ta tí ó yí padà. Èkíní ni owó. Àjọ Tennessee ń ta iná mànàmáná, ó sì ń fi owó rẹ̀ ṣiṣẹ́. Níhìn-ín, NEPA ni ó gba iná Kainji. Àwọn àjọ odò sì ń wojú ìjọba àpapọ̀. Èkejì ni ààlà. Odò ni àjọ Tennessee ń tọ̀, ó sì kan ìpínlẹ̀ méje. Ṣùgbọ́n ní 1984, wọ́n sọ tiwa di 18 nígbà tí ìpínlẹ̀ wa jẹ́ 19. Ààlà ìpínlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò odò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín wọn kù sí 11, kí wọ́n tó di 12. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́. Àwọn àjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dáko fúnra wọn, títí ìjọba fi ní kí wọ́n padà sídìí omi ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Ohun kan wà tí kò yí padà: ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni omi ń lé. Kí àjọ Tennessee tó parí dáàmù Norris ní 1936, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kó kúrò nílé. Dáàmù Kainji, tí wọ́n parí ní 1968, bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, ó sì lé ènìyàn tí ó ju 40,000 lọ. Ní Bakolori, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Sókótó nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ bèèrè owó ilẹ̀ wọn ní 1980. Ọlọ́pàá yìnbọn pa púpọ̀ nínú wọn.

Ní ìparí, àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, yóò ṣò. Rẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu. Kò burú kí ìjọba yá ọgbọ́n lò. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni yóò sanwó rẹ̀? Ilẹ̀ ta ni yóò gbà? Kí ni a ó fún ẹni náà?

Àkíyèsí: Ọdún, orúkọ àti iye ni ẹ̀rí nínú àròkọ alálàyé. Èyí tí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀.