Orúkọ Ta Lo Kọ Sínú Ìwé Ilé Ọtí?

Lọ́jọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2020 ni wọ́n tún ṣí ilé ọtí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta àbọ̀ tí gbogbo wọn ti wà ní títì nítorí àrùn kòrónà. Nǹkan ti yí padà. Kò sí dídúró sídìí káńtà mọ́. Orí ìjókòó ni wọn yóò ti gbé bíà bá oníbàárà. Wọ́n ní kí orin má ròkè, kí ẹnikẹ́ni má baà máa pariwo kí ẹnìkejì rẹ̀ tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ìwé àti bírò wà nílẹ̀: kọ orúkọ rẹ, kọ nọ́ńbà fóònù rẹ, kọ ìgbà tí o wọlé.

Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, ti ìwé yẹn ló dà bíi pé ó rọrùn jù. Òun gan-an ló sì nira jù láti mú ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gbé ọtí lè rí oníbàárà tó dìde lórí ìjókòó, ó sì lè dín orin kù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ tí oníbàárà kọ sílẹ̀ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ọtí? Èémí ni kòrónà ń bá rìn. Bí ẹni tó ní in bá ń sọ̀rọ̀, ó ń tú u sínú afẹ́fẹ́. Bó bá gbé ohùn sókè tàbí tó kọrin, èyí tó ń tú jáde á pọ̀ sí i. Bí fèrèsé bá sì wà ní títì, afẹ́fẹ́ yẹn kò ní ibi tí yóò gbà lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ọtí àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè é, ni àjà rẹ̀ kúrú tí fèrèsé rẹ̀ ò tóbi, àwọn èèyàn á sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí ọtí bá ti wọ ara díẹ̀, ta ló tún ń rántí pé ó yẹ kóun jìnnà sí ọ̀rẹ́ òun? Ṣọ́ọ̀ṣì náà ní díẹ̀ nínú ìṣòro yìí, àmọ́ pásítọ̀ mọ ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ rẹ̀ lórúkọ. Ní ilé ọtí, ẹni tí èjìká rẹ̀ kan tìrẹ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè má jẹ́ ẹni tí ẹ tún máa ríra láyé. Bí àìsàn bá gbé e dè ní ọjọ́ Ajé, ibo ni wọn yóò ti wá ọ rí? Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ìwé ẹnu ọ̀nà ṣe nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ rèé. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní kòrónà, àwọn òṣìṣẹ́ Test and Trace, ìyẹn ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa wá àwọn tó bá aláìsàn pàdé, yóò pè é láti béèrè ibi tó ti lọ. Bó bá dárúkọ ilé ọtí kan, wọ́n lè gba ìwé lọ́wọ́ onílé ọtí, kí wọ́n sì pe àwọn tó wà níbẹ̀ ní àkókò kan náà. Ọjọ́ 21 ni onílé ọtí gbọ́dọ̀ fi tọ́jú orúkọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kó run ún. Wọ́n ní àrùn náà lè lò tó ọjọ́ 14 nínú ara kó tó fara hàn. Wọ́n wá fi ọjọ́ méje kún un fún àyẹ̀wò àti ìwákiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gba orúkọ. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ló di òfin, tí owó ìtanràn onílé ọtí tó kọ̀ láti gbà á sì bẹ̀rẹ̀ láti £1,000.

Ẹ kíyè sí i pé onílé ọtí ni wọ́n fi owó ìtanràn halẹ̀ mọ́. Òun kì í ṣe ọlọ́pàá, òfin kò sì sọ pé kó gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà láti fi mọ̀ bóyá òótọ́ ló kọ. Ọmọ ogún ọdún tó ń fi ọtí gbígbé jẹun ni wọ́n ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà máa ṣọ́ òfin ìlera. Bí oníbàárà bá kọ orúkọ eku inú sinimá, Mickey Mouse, síbẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe?

Kí ló wá ń mú èèyàn purọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí òótọ́ máa ná ẹni tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ pé o wà nítòsí aláìsàn, ọjọ́ 14 lo máa fi wà nínú ilé nígbà yẹn. Àárín oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dín in kù sí 10. Owó àìsàn tí òfin fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ nígbà náà jẹ́ £95.85 lọ́sẹ̀, ẹni tó sì ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ kò ní ìpín nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ìjọba ń fún àwọn tí owó wọn kéré ní £500, àmọ́ ó ní àwọn tó tọ́ sí. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ jókòó sílé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn á bẹ̀rẹ̀ láti £1,000, ó sì lè dé £10,000. Ẹni tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an ni gbogbo èyí lè bá. Ẹni tó yí nọ́ńbà kan padà ti bọ́.

Nọ́ńbà tí èèyàn kọ síbẹ̀ dà bí owó tó ń san fún alájọ. O ń fi nǹkan sílẹ̀ lónìí lọ́wọ́ ẹni tí o ò lè tẹ̀ lé délé, nítorí ire kan tó ń bọ̀ lẹ́yìnwá, èyí tó tilẹ̀ lè jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́. Èèyàn lè ṣe é tọkàntọkàn bó bá fọkàn tán alájọ náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìjọba ti kùnà, kì í ṣe ní ti ìwé àti bírò.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta, Olórí Ìjọba nígbà náà, Boris Johnson, gba aráàlú níyànjú pé kí wọ́n yẹra fún ilé ọtí, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n tì wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, bàbá tó bí i lọ́mọ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé bí òun bá nílò àtilọ sí ilé ọtí, òun á lọ. Lọ́jọ́ 20 ni àṣẹ títì dé, Johnson sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, pé ẹ̀tọ́ àtijọ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà lòun ń gbà lọ́wọ́ wọn. Kò ṣàsọdùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ tí wọ́n bá sìnkú tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ arúgbó tó ń dá gbé ti ń gbọ́ ohùn èèyàn lójúmọ́. Àwọn aráàlú gbà, wọ́n gbé ilé wọn jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé nínú oṣù Karùn-ún pé Dominic Cummings, àgbà olùdámọ̀ràn Johnson, ti wa ọkọ̀ kó ìyàwó àti ọmọ láti London lọ sí Durham nígbà tí kónílé-ó-gbélé le jù. Wọn ò yọ ọ́ níṣẹ́. Àwọn olùwádìí ní University College London, tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè wádìí ọkàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ti ìlú, gbé èsì wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní oṣù Kẹjọ: ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba já wálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ìròyìn náà jáde, kò sì já bẹ́ẹ̀ ní Scotland tàbí Wales. Oṣù kan àti díẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn yìí ni wọ́n gbé ìwé síwájú àwọn èèyàn kan náà pé kí wọ́n sọ òótọ́.

Àwọn òfin tó tẹ̀ lé e kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, gbogbo ilé ọtí gbọ́dọ̀ tì ní aago mẹ́wàá alẹ́. Gbogbo wọn á wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà sójú títì àti sínú ọkọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti jìnnà síra láti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìjọba jáde ní oṣù Kẹwàá, aráàlú rí i pé àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn ti sọ pé ipa díẹ̀ ni irú òfin bẹ́ẹ̀ lè ní. Ṣáájú ìyẹn, kí òfin náà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn ti gbòde pé òfin aago mẹ́wàá kò de àwọn ilé ọtí tó wà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti pa àwọn tó ń mu ọtí níta.

Ti ẹyin ló wá bá a dé. Nínú oṣù Kejìlá, ní àwọn agbègbè kan, ilé ọtí ò gbọdọ̀ ta ọtí àfi kí oníbàárà jẹ oúnjẹ gidi pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni oúnjẹ gidi? Mínísítà kan, George Eustice, ní ó ṣeé ṣe kí scotch egg, ẹyin sísè tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ bò tí wọ́n sì dín, tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀, Michael Gove, kọ́kọ́ ní ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ lásán ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ní oúnjẹ gidi ni. Òfin náà ní ìdí tirẹ̀ o: ẹni tó wá jẹun kì í pẹ́ tó ẹni tó wá mutí nìkan. Ṣùgbọ́n ẹyin làwọn èèyàn gbọ́, wọn ò gbọ́ ìdí.

Ní ti ìwé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí ọ̀nà tó sàn. Ní ọjọ́ tí òfin aago mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ gan-an ni áàpù NHS COVID-19 jáde. Oníbàárà kàn máa fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán kóòdù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni. Orúkọ ilé ọtí yẹn á wọ inú fóònù rẹ̀, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 21, kò ní lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Bí àwọn elétò ìlera bá rí i pé àrùn ràn ní ilé ọtí kan, nọ́ńbà ilé ọtí náà ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo fóònù. Fóònù kọ̀ọ̀kan á yẹ ara rẹ̀ wò, á sì kìlọ̀ fún olúwa rẹ̀. Ìjọba ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, bí ilé ọtí ṣe fẹ́ tún ṣí, ìjọba fẹ́ tún áàpù náà ṣe kí àwọn aláìsàn lè fi orúkọ gbogbo ibi tí wọ́n lọ ránṣẹ́. Apple àti Google kọ̀ ọ́ jálẹ̀, pé kò bá àdéhùn mu. Ó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, ó sì yẹ kó ya wá lẹ́nu pé ilé iṣẹ́ olówó ló dá ìjọba lẹ́kun.

Àwọn ará Jámánì mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bani láti fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní áàpù tiwọn tó ń jẹ́ Luca, òun sì ń kó orúkọ pamọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọkùnrin kan ṣubú lẹ́yìn tó kúrò ní ilé ọtí kan ní ìlú Mainz, ó sì kú. Àwọn ọlọ́pàá ń wá ẹlẹ́rìí, ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìlera, wọ́n sì rí orúkọ èèyàn 21 gbà nínú Luca. Òfin ò fàyè gbà á rárá. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn náà jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn kan ń ké sáwọn aráàlú pé kí wọ́n pa áàpù náà rẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń fi àdéhùn wọn pẹ̀lú Luca sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Seoul, olú ìlú Gúúsù Kòríà, wọ́n ti tètè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni àrùn ràn láwọn kílọ́ọ̀bù àdúgbò Itaewon. Orúkọ wà nínú ìwé, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́, torí pé díẹ̀ nínú àwọn kílọ́ọ̀bù náà jẹ́ ibi tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin máa ń pàdé, ẹni tí wọ́n bá sì fi irú ìyẹn mọ̀ níbẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ àti ẹbí. Àwọn aláṣẹ lo ìtàkùn fóònù láti wá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe ohun mìíràn: wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá ṣàyẹ̀wò láìdárúkọ, nọ́ńbà fóònù nìkan ló máa fi sílẹ̀. Àwọn èèyàn tú jáde láti ṣe é. Láti oṣù Kẹfà, kóòdù orí fóònù ni wọ́n fi ń wọ kílọ́ọ̀bù, wọ́n sì pín ohun tó wà nínú rẹ̀ sí méjì: ilé iṣẹ́ kan mọ ẹni tó ni kóòdù, àjọ ìjọba kan mọ ibi tí wọ́n ti lò ó. Ìgbà tí àrùn bá ràn nìkan ni wọ́n lè so méjèèjì pọ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá sì ti pé, gbogbo rẹ̀ á parẹ́. Ó ku àwọn tó ṣì ń fi bírò kọ nọ́ńbà sórí bébà, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti lè kà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n fún àwọn náà ní àmì mẹ́fà, nọ́ńbà mẹ́rin àti lẹ́tà méjì, tí wọn yóò máa kọ dípò nọ́ńbà fóònù wọn.