Gbèsè Tí A Jẹ Àwọn Olùtọ́jú Aláìsàn

Ṣàṣà ni ìjọ wa tí ènìyàn kò ti ní rí nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, apoògùn tàbí dókítà tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣàṣà sì ni ẹni nínú wa tí kò ní òbí tàbí ìbátan nílé tí ó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ìjọba ni ó gbójú lé nígbà àìsàn. Láti ọ̀nà méjì, nígbà náà, ni ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn fi kàn wá. Òun ni a ó gbé yẹ̀ wò lónìí.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ará Samáríà aláàánú tí ó wà nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí kẹwàá. A máa ń yìn ín nítorí òróró àti wáìnì tí ó dà sí ojú ọgbẹ́, àti nítorí ẹran rẹ̀ tí ó gbé ọkùnrin náà gùn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà kíyè sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ará Samáríà náà yọ dínárì méjì fún onílé èrò. Bí a bá fi òwe àwọn alágbàṣe inú Ìhìnrere Mátíù wọ̀n ọ́n, owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ó sì ṣe ìlérí pé bí ìnáwó bá kọjá èyí, òun yóò san ìyókù nígbà tí òun bá padà dé. Kò sọ fún onílé èrò pé kí ó tọ́jú aláìsàn náà lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí Ọlọ́run. Àánú ni ó fi gbé ọkùnrin náà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀tọ́ ni ó san fún ẹni tí yóò jí lóru láti tọ́jú rẹ̀.

Láàárín wa, bí nọ́ọ̀sì bá ráhùn, a máa ń dá a lóhùn pé, "Ẹ fara dà á, èrè yín ń bẹ lọ́run." Òtítọ́ ni pé èrè ń bẹ lọ́run. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó ni èrè ti ọ̀run. Ti ayé ni ó wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹni tí ó jẹ gbèsè tí ó ní kí Ọlọ́run bá òun san án, a kò lè pe ìyẹn ní ìfọkànsìn. Ó ń sá fún gbèsè ni. Nínú ìwé *Rerum Novarum* tí ó kọ ní ọdún 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá kọ́ wa pé owó iṣẹ́ kò di ẹ̀tọ́ kìkì nítorí pé òṣìṣẹ́ gbà á. Ó gbọ́dọ̀ tó láti gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ tí ń gbé ìgbé ayé níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Kí ni owó tí ó tọ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera? Yàtọ̀ sí owó oṣù gan-an, àwọn àjẹmọ́nú wà fún iṣẹ́ òru, fún ìpè pàjáwìrì àti fún ewu iṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún ohun kan tí òṣìṣẹ́ náà ń pàdánù: oorun rẹ̀, àkókò ìdílé rẹ̀, ààbò ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ewu. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́n kan, Laura Wine, tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n gbé e wá sí Jos, ibẹ̀ ni ó kú sí. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos kó àìsàn náà, òun pẹ̀lú sì kú ní oṣù kejì. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, kó o, ṣùgbọ́n orí yọ ọ́. Ní ọdún 1970, àìsàn kan náà yìí pa Dókítà Jeanette Troup ní Jos. Báyìí ni ayé ṣe mọ ibà Lassa: lára àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn. Títí di òní, ó ṣì ń jà ní Ondo, ní Edo, ní Bauchi àti ní Taraba, kì í sì í yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀.

Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, 5,000 náírà lóṣù ni owó ewu tí Ìjọba Àpapọ̀ ń san. Àrùn COVID-19 ti dé, àwọn dókítà tí ń kọ́ iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá sì ti yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 63 ní ọdún 2021, kí ìjọba tó yí i padà ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ti àwọn dókítà di 32,000 sí 40,000 náírà. Ti àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù di 15,000 sí 34,000. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí kí ó tó ran ènìyàn. Irú ìyàtọ̀ báyìí ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó yẹ kí wọ́n jọ gbé aláìsàn kan. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà, JOHESU, yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 44, àtẹ owó oṣù wọn sì wà lára ohun tí wọ́n jà fún.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé àpò mẹ́ta ni owó yìí ti ń jáde. Ìjọba Àpapọ̀ ń san ti àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń san ti ilé ìwòsàn gbogbogbòò. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó wà ní ìgbèríko sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó o. Nítorí náà, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá kò fi dandan dé ọwọ́ agbẹ̀bí tí ó wà ní ìlú wa. Nọ́ọ̀sì méjì lè ní ìwé ẹ̀rí kan náà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ní ìlú kan náà, kí owó wọn má sì dọ́gba. Ní ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí láti ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ìjọba sọ́tọ̀ fún ìlera. Ìjọba Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tí ó gbà wọ́n lálejò, kò tíì mú un ṣẹ.

Àkókò pẹ̀lú jẹ́ apá kan ẹ̀tọ́. Òfin Mósè, nínú Diutarónómì 24:15, kò gbà kí oòrùn wọ̀ kí a tó san owó alágbàṣe, nítorí pé tálákà ni, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó náà. Bí ọjà bá ń gbówó lórí, owó oṣù tí ó pẹ́ kí ó tó dé ti dín kù lọ́nà. Àwọn baba wa ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ebi ọmọ rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ ni a ní kí ó ka ìṣù abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n oògùn láìṣìṣe ní agogo mẹ́ta òru.

Ta ni ó ń san gbèsè yìí níkẹyìn? Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé ó ju 16,000 dókítà lọ tí ó ti fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Kí a má ṣe bú wọn. Àwa pẹ̀lú fi ilé sílẹ̀ nítorí oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kù ni yóò ru ẹrù ẹni tí ó lọ. Aláìsàn tí kò lówó láti lọ sí ibòmíràn ni yóò sì jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ láìrí ẹni dá a lóhùn. Ìyá wa tí ó wà nílé lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

A ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2014 ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ní ogúnjọ́ oṣù náà ni àrùn Ebola wọ Èkó, ìyanṣẹ́lódì náà kò sì dáwọ́ dúró títí di oṣù kẹjọ. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni láti dáṣẹ́ dúró nígbà tí ọ̀nà gbogbo bá dí, ṣùgbọ́n aláìsàn tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu kò gbọdọ̀ di ohun ìjà. Ìjọba tí ó fọwọ́ sí àdéhùn tí kò sì mú un ṣẹ ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà. Bákan náà, àìtó owó kò sọ títa oògùn ọ̀fẹ́ tàbí yíyí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ti ara ẹni di ohun tí ó tọ́.

Kí ni àwa lè ṣe? Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá dáwó fún ilé ìwòsàn nílé, a máa ń ra bẹ́ẹ̀dì, a sì máa ń kọ orúkọ wa sí i lára. Bẹ́ẹ̀dì kì í tọ́jú aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé: nọ́ọ̀sì mélòó ni ó kù níbẹ̀? Níbo ni wọ́n ń sùn? Oṣù mélòó ni wọ́n jẹ wọ́n? Kí a tún ilé tí wọn yóò gbé ṣe, kí a wá omi àti iná fún wọn. Kí a sì bi ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò pé àtẹ owó oṣù wo ni yóò máa fi san owó wọn.

Kí a má ṣe tọ́ka sí ìjọba nìkan. Ìjọ tí ó ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ san owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ lásìkò. Àti àwa tí a gba ọmọbìnrin kan láti máa tọ́jú òbí wa nílé, tí ń wẹ̀ wọ́n, tí ń jí fún wọn lóru: èló ni a ń san fún un, ọjọ́ wo sì ni ó ń dé ọwọ́ rẹ̀? Kí Ọlọ́run tí ń gbọ́ igbe alágbàṣe fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti san gbèsè wa nígbà tí ọjọ́ bá pé, nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.