Ilé Àpatì Tí Ó Di Ilé Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gba Dùgbẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò ní ìlú Ìbàdàn, ẹ ó rí àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà tí àwọn Òyìnbó ń ṣe àkóso. Ọgbà wọn fẹ̀, igi ńláńlá sì wà níbẹ̀. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ láìní olùgbé, páànù rẹ̀ a dógùn-ún, koríko a bo ojúde rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn yóò máa wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a wó o, kí a kọ́ tuntun.” Ǹjẹ́ ó di dandan kí a wó o? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Eléyelé, tí kò jìnnà sí Jẹ́ríkò rárá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Eléyelé. Ogun parí ní ọdún 1945, àwọn ológun sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní àkókò yìí gan-an ni ìjọba ń gbèrò láti dá yunifásítì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n rí ilẹ̀ gbà ní ìhà àríwá ìlú, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kankan kò tíì sí lórí rẹ̀. Kíkọ́ yunifásítì kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Bí wọ́n bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró de ilé tuntun, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìbá ṣòfò.

Ọ̀mọ̀wé Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, kò dúró. Ilé ìwòsàn tí ó ṣófo náà ni wọ́n tún ṣe. Ibi tí a ti ń tọ́jú aláìsàn tẹ́lẹ̀ di ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Chinua Achebe, tí ó di òǹkọ̀wé olókìkí lẹ́yìn náà, wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé tuntun. Ẹ ṣírò rẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kàwé fún oṣù mẹ́wàá kí a tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀! Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ó di Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1962.

Kì í ṣe gbogbo ilé àpatì ni a lè lò báyìí o. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ́ńjìníà ni yóò kọ́kọ́ yẹ ìpìlẹ̀ wò, bóyá ó ti rì. Yóò wo ògiri, bóyá ó ti là. Kápẹ́ńtà yóò gun òrùlé lọ wò ó bóyá ìkán ti jẹ igi àjà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọdé kò gbọdọ̀ máa ṣeré nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ògiri tí ó ti là lè wó lulẹ̀ nígbàkúùgbà.

Ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ àti ògiri bá ṣì le, àǹfààní pọ̀ nínú títún ilé ṣe. Owó kọ́, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wa pẹ̀lú ni à ń tọ́jú. Ẹ wo sìmẹ́ǹtì. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń gbẹ́ jáde láti inú ilẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Ewékorò. Wọn a lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀, wọn a sì fi iná sun ún títí ooru rẹ̀ yóò fi ju 1,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Omi tí ń hó kò ju 100 lọ! Èéfín púpọ̀ ni ó ń tibẹ̀ jáde. Ògiri tí a kò wó kò ní kí a tún sun sìmẹ́ǹtì mìíràn.

Ní ìlú Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan wà ní Broad Street tí àwọn Òyìnbó kọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí a tì mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba ti pa á tì, ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ṣe ètò bí a ó ṣe sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n ṣí i ní ọdún 2010, wọ́n sì pè é ní Freedom Park. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀ ti di orí ìtàgé, níbi tí àwọn olórin àti àwọn òṣèré ti ń dá ènìyàn lára yá.