Ẹ má ṣe lọ oògùn tí a ṣe láti máa jáde díẹ̀ díẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn apòògùn òde òní ń lò.

Ẹ jẹ́ kí á wo àgbẹ̀ kan ní abúlé tó wà lẹ́bàá Olódò, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó. Láti òwúrọ̀ ló ti ń kọ ebè; nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ó gbé diclofenac mì nítorí ẹ̀yìn ríro. Kò pẹ́ tí agbára oògùn náà fi lọ sílẹ̀, ìrora padà, ó tún lo òmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni diclofenac a máa dín ohun tó ń dáàbò bo awọ inú ikùn kù. Ẹni tó bá ń lò ó ní àlòjù lè ti ibẹ̀ ní ọgbẹ́ inú.

Báwo wá ni a ṣe lè mú kí oògùn pẹ́ lára, láìjẹ́ pé gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀kan nínú ìdáhùn ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní microspheres. A lè pè é ní ìlẹ̀kẹ̀ oògùn. Hóró roboto ni, tí kì í sábà ju mìlímítà kan lọ. Òmíràn kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Inú rẹ̀ ni a há oògùn mọ́. Bí omi ara ṣe ń rin ín ni oògùn ń yọ jáde.

Ní ọdún 2013, Oluwatoyin Odeku àti Adenike Okunlola ti Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Alf Lamprecht láti Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n lò kì í ṣe àjèjì sí wa: oje igi ọ̀gànwó, ti àyùnrẹ́, ti ògbòlò, àti ohun tó ń yọ̀ nínú àpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀. Wọ́n pò wọ́n mọ́ alginate tí a ń rí lára ewéko òkun, wọ́n sì fi diclofenac sí i. Irú àdàlù báyìí ni a ń kán sínú omi tí a yọ́ iyọ̀ kálísíọ̀mù tàbí ti síǹkì sí. Bí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bá ti kan omi náà ló ń dì, bí àkàrà ṣe ń dì nínú òróró gbígbóná. Bí a bá ṣe pò ó sí ni oògùn yóò ṣe yára tàbí lọ́ra jáde.

Ìlẹ̀kẹ̀ yìí tún wúlò fún oògùn tó jẹ́ prótéènì. Bí a bá gbé ínsúlínì lásán mì, ikùn yóò dà á bí ẹran; ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ abẹ́rẹ́. Ní ọdún 1989, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Lupron Depot fún jẹjẹrẹ prostate tó ń bá àgbà ọkùnrin jà. Ìlẹ̀kẹ̀ tín-ín-tín ló wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù dípò ti ojoojúmọ́.

Iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni ti Ìbàdàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe po oje igi mọ́ oògùn nílé. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń jáde díẹ̀ díẹ̀ ti wà ní ilé ìtajà oògùn wa tipẹ́, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà àti ti ara ríro. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: bí ẹ bá rí Retard, SR, XR tàbí ER, irú rẹ̀ ni.

Àwọn ọmọ a máa fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ oògùn fún ìyá àgbà tí kò lè gbé e mì. Bí wọ́n bá lọ irú èyí, oògùn odidi ọjọ́ kan lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìfúnpá lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì gbé màmá ṣubú. Ẹ má ṣe lọ̀ ọ́, ẹ má ṣe jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ má sì fi òmíràn kún un nítorí pé kò tètè ṣiṣẹ́. Bí gbígbé mì bá ṣòro, ẹ sọ fún apòògùn tàbí dókítà, kí wọ́n lè wá irú mìíràn tó bá màmá lára mu.