Erédò Ṣùngbọ́ gẹ́gẹ́ bí Ohun Èlò fún Kíkọ́ Ìtàn

Ìfáàrà
Inú kíláàsì nìkan ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kọ́ ìtàn Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ìtàn wà nílẹ̀ tí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ìrìn ọjọ́ kan nínú Erédò Ṣùngbọ́, yàrà ńlá tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ohun tí Ojú Ń Rí
Gígùn yàrà náà tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbi tó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó 20 mítà. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rò pé àfonífojì lásán ni, nítorí igi àti ìtàkùn ti ṣíji bò ó. Ṣùgbọ́n ògiri yangí tó dúró ṣánṣán fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n kó jọ sí apá inú tó fi di odi.

Ìtàn àti Ẹ̀rí
Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Bílíkísù Ṣùngbọ́, opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Òkè-Erí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti ń fi ojú oórì rẹ̀ hàn. Nítorí pé Bílíkísù ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ayaba Ṣébà, àwọn kan gbà pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Ọ̀rúndún kẹwàá ṣáájú ìbí Jésù ni a ka ayé Sólómọ́nì sí. Iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ẹnu àìpẹ́ yìí sì fi gbígbẹ́ yàrà sí nǹkan bí 1370 sí 1420. Ohun tó wà láàárín méjèèjì lé ní 2000 ọdún.

Èyí kò sọ ìtàn àtẹnudẹ́nu di asán. Àròbá ni baba ìtàn. Ohun tó pa mọ́ fún wa ni pé àwọn ará ibẹ̀ gbà pé obìnrin lè ní agbára láti pàṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Kí olùkọ́ pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: kí àwọn kan wọn yàrà, kí àwọn kan gbọ́ tẹnu àgbà, kí àwọn yòókù fi ọdún wé ọdún. Ní 1995, wọ́n fi Erédò sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Síbẹ̀, oko àti ọ̀nà ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọmọ tí kò mọ ohun tí òkìtì náà jẹ́ ni yóò fi ọkọ́ tú u ká lọ́la.